Yanrìn Lẹ́sẹ̀, Ìjì Lórí: Ohun Tí Etí Òkun Èkó Ń Fi Ojú Ẹ̀rọ Ìgbafẹ́ Rí

Bí ọdún bá ti dé, ìbáà jẹ́ Iléyá, ìbáà jẹ́ Kérésìmesì tàbí Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kì í jókòó sílé. Láti Ìdúmàgbò, láti Ìta Fájì, láti Òkè Àrìn, wọ́n á kọrí sí Màrínà àti Oníkàn, wọ́n á sọdá afárá, ó di etí òkun. Ìran kan lọ sí Bar Beach ní Victoria Island títí ó fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ìran tó tẹ̀ lé e ń lọ sí Oníru àti Ẹlẹ́gùṣì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gun ẹṣin lówó, níbẹ̀ ni jáńgílófà wà, níbẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé ọmọ lọ sókè tó sì ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ máa ń yí, pẹ̀lú ilé rọ́bà alátẹ́gùn tí gbogbo ayé ń pè ní bouncing castle. Ohun tí òbí máa ń wò kó tó sanwó ni ọ̀dà tó ń dán, iná tó ń ṣẹ́jú àti orin tó ń dún. Kò sí èyí tó sọ òótọ́ kankan fún un nípa ẹ̀rọ náà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí òǹkàwé gbà lọ́wọ́ mi: ẹ̀rọ ìgbafẹ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Ìbàdàn àti ìkejì rẹ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí etí òkun Èkó kì í jẹ́ ẹ̀rọ kan náà mọ́ bí ọdún mélòó kan bá ti kọjá. Ilé-iṣẹ́ kan náà lè ṣe wọ́n, àwọ̀ wọn lè bára mu, àmọ́ yanrìn, iyọ̀ àti afẹ́fẹ́ yóò ti sọ ti Èkó di nǹkan mìíràn. Nítorí náà, bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, iye ìgbà tí a ń tú u palẹ̀, àti ìgbà tí a ń dá a dúró, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀.

Ká kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Yanrìn etí òkun Èkó kì í dúró lójú kan. Ìgbì òkun ń tì í láti ìhà Badagry lọ sí ìlà-oòrùn lọ́dọọdún, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún kúbíìkì mítà ló sì ń rìn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba amúnisìn fẹ́ kí ọkọ̀ òkun ńlá máa wọ èbúté láìfi ìdí gúnlẹ̀ sórí yanrìn tó dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n kó òkúta ṣe odi wọnú òkun ní ìhà méjèèjì láàárín ọdún 1908 sí 1912. Ọkọ̀ ríbi gbà. Yanrìn ni kò ríbi gbà mọ́. Ó ń gbá jọ sí Lighthouse Beach ní ìwọ̀-oòrùn odi náà, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach ní ìlà-oòrùn, nítorí èyí tí ìgbì ń kó lọ níbẹ̀ kò rí àrọ́pò. Láti òpin àwọn ọdún 1950 ni ìjọba ti ń da yanrìn síbẹ̀, tí òkun ń gbá a lọ, tí wọ́n tún ń da òmíràn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ Kuramo Beach, ó gbé ènìyàn lọ pẹ̀lú àgọ́ tí wọ́n sùn sí. Lónìí, Eko Atlantic ló wà níbi tí Bar Beach wà, yanrìn tí wọ́n fà láti ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n fi kún un, odi tó tó kìlómítà 8.5 ló sì ń gbà á lọ́wọ́ ìgbì. Ìgbafẹ́ ti ṣí lọ sí ọ̀nà Lekki. Níbẹ̀ náà, ní ọdún 2024, ọ̀nà tí ìjọba àpapọ̀ ń là láti Èkó lọ sí Calabar gba ara Landmark Beach. Ohun tí gbogbo ìtàn yìí fi lé oníṣòwò ìgbafẹ́ lọ́wọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí ilẹ̀ tó dúró fi ìdí ẹ̀rọ sọlẹ̀. Wọ́n ń gbé e kiri ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń tú, tí wọ́n ń kó sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, tí wọ́n tún ń tò pa dà nígbà tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, orí yanrìn ni bóòtù rẹ̀ ti ń jáde, orí yanrìn náà ló ti ń wọlé.

Yanrìn yìí ní ìwà tirẹ̀. Ralph Bagnold, sójà Gẹ̀ẹ́sì tó rìn káàkiri aṣálẹ̀ Líbíà, kọ ìwé kan ní ọdún 1941 lórí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé yanrìn, ìwé náà kò sì tíì kúrò lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ títí di òní. Ó fi hàn pé yanrìn kì í léfòó bí eruku. Fífò ló ń fò: hóró kan á ta sókè, á bọ́ lulẹ̀, á sì ta òmíràn sókè níbi tó bọ́ sí. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ. Kò sì nílò ìjì kó tó gbéra. Bí yanrìn bá ti gbẹ, afẹ́fẹ́ tó ń sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 20 láàárín wákàtí kan ti tó, afẹ́fẹ́ òkun tó máa ń fẹ́ lọ́sàn-án sì sábà máa ń tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo ohun tó wà nísàlẹ̀ orúnkún lára ẹ̀rọ ìgbafẹ́: ìdí òpó, ẹ̀wọ̀n tó ń fa ẹ̀rọ, bíréèkì, ẹ́ńjìnì, àti jẹnẹrétọ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́ símú láti wákàtí dé wákàtí. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ni yanrìn ń bá jà, nígbà tó jẹ́ pé òkè ni ojú òbí ń wò.

Hóró yanrìn etí òkun le ju irin lásán tí àwọn jórinjórin ń lò lọ. Bí ó bá wọ inú bẹ́ríǹgì, gírísì tó yẹ kó máa mú kí irin yọ̀ lórí irin á di omi ọlọ, irin á sì máa lọ irin. Kì í ṣe ọjọ́ kan ló ń ṣẹlẹ̀. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà tó ń dí ẹnu bẹ́ríǹgì. Yanrìn á kọ́kọ́ fi ojú ihò tóóró há sí etí rọ́bà náà, gbogbo ìgbà tí ọ̀pá bá sì yí ni yóò máa ha á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gírísì á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, á ṣe òrùka dúdú kan yí ìdí ọ̀pá ká, yanrìn á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá rí òrùka dúdú yẹn lórí ọ̀dà pupa tó ń dán ti rí ju ohun tí ìwé ẹ̀rí lè sọ fún un lọ. Ti bóòtù tún fara sin jù bẹ́ẹ̀. Bí yanrìn bá wà nínú ìlà tí nọ́ọ̀tì ń gbà yí wọlé, nọ́ọ̀tì á le lọ́wọ́ ẹni tó ń dè é kó tó débi tó yẹ kó dé. Òṣìṣẹ́ á gbà pé ó ti wọlé tán. Bẹ́ẹ̀ ni kò tíì di irin méjèèjì pọ̀ dáadáa. Kódà irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí bóòtù ṣe le tó yóò purọ́ fún un, nítorí líle tí yanrìn fà ni irinṣẹ́ náà ń kà. Nígbà ọyẹ́, eruku tó ń ti ìhà aṣálẹ̀ Ṣáàdì wá á tún dé, òun sì kúnná débi pé ibi tí yanrìn kò lè wọ̀, ó ń wọ̀ ọ́. Ìgbà ọyẹ́ yẹn náà sì ni Kérésìmesì, ìgbà tí ẹ̀rọ kì í sinmi láti àárọ̀ di òru.

Iyọ̀ ni tirẹ̀ kì í pariwo. Ẹ̀kán omi òkun tó fò nígbà tí ìgbì fọ́ á gbẹ lójú afẹ́fẹ́, iyọ̀ inú rẹ̀ á sì bà lé ohunkóhun tó bá pàdé. Iyọ̀ gbígbẹ kò ní ṣe irin ní nǹkan púpọ̀. Omi ló ń dúró dè. Àmọ́ iyọ̀ kì í dúró de òjò kó tó rí omi: bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, iyọ̀ fúnra rẹ̀ á fa omi láti inú afẹ́fẹ́, á sì yọ́. Ní Èkó, lóru àti láàárọ̀ kùtùkùtù, ọ̀rinrin ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ nínú ọdún. Èyí ni pé irin tí iyọ̀ bà lé létí òkun wa kì í gbẹ tán, bó ti wù kí oòrùn ọ̀sán mú tó. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lórí àwọn ilé àtijọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó fún ẹni tó bá gbójú sókè. Páànù tó dógùn-ún kì í bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ibi tí páànù kan gun èkejì àti ìdí ìṣó ló ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí omi ti ń fara pamọ́ tí òjò kò sì lè fọ iyọ̀ kúrò. Lára ẹ̀rọ ìgbafẹ́, ibi tó bá irú èyí mu ni abẹ́ pátákó irin, ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀, ìdí bóòtù, àti inú páìpù. Inú páìpù ló burú jù. Lálẹ́, bí irin bá tutù, afẹ́fẹ́ tútù oníyọ̀ á gba ihò kékeré wọlé. Lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ á gbóná jáde, omi àti iyọ̀ á ṣẹ́kù sínú. Ọ̀dà ìta kò mọ̀ nípa rẹ̀ rárá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2017 fi hàn wá ibi tí èyí ń yọrí sí. Níbi àjọ̀dún ìpínlẹ̀ Ohio, ní ìlú Columbus, ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Fire Ball já lókè pẹ̀lú àwọn tó jókòó sínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan kú lójú ẹsẹ̀, ènìyàn méje fara pa. Ilé-iṣẹ́ KMG ti ilẹ̀ Netherlands tó ṣe ẹ̀rọ náà sọ lẹ́yìn ìwádìí pé ìpẹtà ló ti ń jẹ apá irin tó di ìjókòó mú, láti inú, fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ara irin náà fi di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ̀rọ náà ti lo ọdún 18. Àwọn aṣàyẹ̀wò ìpínlẹ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sì ti ní kó máa ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ló bá a lọ. Columbus jìnnà sí òkun ju kìlómítà 500 lọ. Bí ìpẹtà bá lè jẹ apá irin láti inú níbi tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ kò dé, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi rò pé ojú lásán lè yẹ ẹ̀rọ etí òkun wò kó sì tó. Ìdí rẹ̀ tún jinlẹ̀ díẹ̀: ẹ̀rọ ìgbafẹ́ kì í ṣe odi tó kàn dúró. Gbogbo ìyípo rẹ̀ ni irin ń wúwo, tó ń fúyẹ́, tó ń tẹ̀, tó ń nà. Ojú ihò kékeré tí ìpẹtà bá gbẹ́ síbì kan ni ìsán yóò ti bẹ̀rẹ̀, ìyípo kọ̀ọ̀kan á sì fi díẹ̀ kún un. Àwa náà mọ ohun tí omi oníyọ̀ ń ṣe: Third Mainland Bridge tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990 ti gba kí wọ́n rán àwọn òṣìṣẹ́ wọ ìsàlẹ̀ ọ̀sà lọ wo àwọn òpó rẹ̀, wọ́n sì bá ìbàjẹ́ níbẹ̀. Bí a bá lè rán ènìyàn wọmi nítorí òpó kọnkéré, kí ló dé tí a ó fi máa fi ojú wo páìpù tó gbé ọmọ sókè?

Ó kan afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, níbi tí ìṣirò ti ń ṣì wá lọ́nà jù lọ. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí afẹ́fẹ́ bá sáré ní ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ náà á di ìlọ́po méjì. Rárá o. Ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Ẹ jẹ́ ká fi ilé rọ́bà alátẹ́gùn ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 4 tó sì ga ní mítà 3. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń sáré ní kìlómítà 38 láàárín wákàtí kan, nǹkan bíi kìlógíráàmù 84 ló ń ti ẹ̀gbẹ́ náà. Bí ó bá di kìlómítà 76, ó ti lé ní 330 nìyẹn, ìyẹn ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù, kìlómítà 38 yẹn ni ìlànà fi lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lo ilé rọ́bà kọjá rẹ̀. Ìlànà náà ní kí ìdè tí kò dín ní mẹ́fà dì í mọ́lẹ̀, kí ìdè kọ̀ọ̀kan sì lè gba agbára tó tó ìwọ̀n kìlógíráàmù 163. Àwọn ẹ̀rọ onírin ńlá máa ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìṣirò tí wọ́n sábà fi ń kọ́ wọn gbà pé wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ títí afẹ́fẹ́ yóò fi tó mítà 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bíi kìlómítà 54 láàárín wákàtí, lẹ́yìn náà kí wọ́n dúró. Ẹ̀jẹ̀ ló wà lára àwọn ìlànà wọ̀nyí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, ní Harlow ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, afẹ́fẹ́ gbé ilé rọ́bà kan lọ pẹ̀lú ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje, ó sì kú. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2021, ní Devonport ní Ọsirélíà, ọmọ ilé-ìwé mẹ́fà ló kú nínú irú rẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìyẹn tí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Mislata ní ilẹ̀ Sípéènì, ọmọbìnrin méjì ló sì bá a lọ.

Ní Èkó, ìṣòro wa lé ní tiwọn nítorí ibi méjì. Ìkíní ni ìdè. Èèkàn irin tí wọ́n ń gbá mọ́ ilẹ̀ koríko kò lè di nǹkan mú nínú yanrìn gbígbẹ; ọmọdé lè fi ọwọ́ fà á yọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ lórí yanrìn ní láti fi ẹrù ṣe ìdè, àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta àti díẹ̀ fún ìdè kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe táyà ògbólógbòó kan àti bíríkì méjì. Ìkejì ni ìjì tó ń ṣíwájú òjò. Láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, ìjì yìí kì í ti òkun wá. Láti ìlà-oòrùn, láti orí ilẹ̀, ló ti ń bọ̀, nígbà tó jẹ́ pé òkun ni gbogbo ẹni tó wá gbafẹ́ kọjú sí. Kó tó dé, afẹ́fẹ́ òkun máa ń rọlẹ̀ wọ̀ọ̀, ooru á mú, òbí á sì rò pé àkókò yẹn gan-an ló dára kí ọmọ gun nǹkan. Ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn náà ni àgbòrùn á máa fò. Oṣù Kẹta tàbí oṣù Kẹrin yẹn sì ni Àjíǹde máa ń bọ́ sí. Ẹ tún fi ti iná kún un. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ilé rọ́bà kì í dúró níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá wà nínú rẹ̀; bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, tàbí tí yanrìn bá dí imú jẹnẹrétọ̀ tó sì kú, ilé á rọ lé àwọn ọmọ lórí. Ilé tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ yìí ni afẹ́fẹ́ sì rọrùn fún jù láti ká sókè.

Ẹnìkan á sọ pé mo ń dẹ́rù ba ènìyàn. Kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń jẹ́ Wonder Wheel ní Coney Island, létí òkun New York, ti ń yí láti ọdún 1920. Ẹ̀rọ Cyclone tó wà nítòsí rẹ̀ ti ń sáré láti 1927. Láti 1896 ni wọ́n ti ń gbafẹ́ ní Pleasure Beach ní Blackpool, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí etí òkun bá burú tó bí mo ṣe wí, kí ló gbé wọn dé òní? Àtakò tó lágbára ni, mo sì gbà pé ó fi hàn pé òkun kò sọ pé kí ẹ̀rọ má ṣe wà. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Òtútù ń tì wọ́n pa lọ́dọọdún, tí wọ́n fẹ́ tí wọ́n kọ̀. Oṣù tí ẹnikẹ́ni kì í wá gbafẹ́ ni wọ́n fi ń tú àwọn àpótí ìjókòó Wonder Wheel sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n ń họ ọ̀dà, tí wọ́n ń wo irin, tí wọ́n ń kùn ún lákọ̀tun. Ní Blackpool, ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá le, wọn kì í ṣí The Big One, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n kọ́ ní 1994, àwọn oníbàárà sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé. Ibi tí wọ́n sì ti sún mọ́ omi jù náà ti jìyà rẹ̀: ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, ìjì Sandy wó ẹ̀rọ Star Jet ní Seaside Heights ní Amẹ́ríkà sínú òkun, ó jókòó sínú omi fún oṣù bíi mélòó kan kí wọ́n tó wó o kúrò. Ọjọ́ orí ẹ̀rọ àwọn ará Coney Island àti Blackpool kò wá láti ara irin wọn. Ìsinmi tí ojú ọjọ́ fi tipátipá fún wọn ló wá. Èkó kò ní òtútù tó lè ti ẹnikẹ́ni pa. Bí Kérésìmesì ti ń lọ ni Àjíǹde ń bọ̀, tí Iléyá náà ń dé láti inú oṣù tó bá wù ú, kò sí ìgbà tí owó kò pe ẹ̀rọ. Àfi kí a fúnra wa fi ìsinmi yẹn sí i. Oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, nígbà tí òjò ń rọ̀ tí òkun ń ru, tí etí òkun sì ṣófo, ni mo rò pé ó yẹ kí òfin ti gbogbo ẹ̀rọ ìgbafẹ́ onírin tó wà nítòsí òkun àti ọ̀sà pa fún títú palẹ̀ pátápátá. Owó tí wọ́n máa pàdánù nígbà náà ló kéré jù lọ nínú ọdún.

Àwọn mìíràn á ní owó ni kò sí. Ẹni tó ń fi ilé rọ́bà kan ṣoṣo bọ́ ìyàwó àti ọmọ, kí ló fẹ́ fi ra gbogbo irinṣẹ́ tí ìwé àwọn òyìnbó kà sílẹ̀? Mo fara mọ́ apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin tó bá le débi pé ilé ìgbafẹ́ ọlọ́rọ̀ nìkan ló lè pa á mọ́ yóò lé ọmọ tálákà lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò gba ìwé àṣẹ rárá. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe kókó jù nínú ohun tí mo ń sọ kò gbówó lórí: omi tí kò níyọ̀ tí wọ́n á fi fọ ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n bá pa á lálẹ́, gírísì tuntun, búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń gbọn yanrìn kúrò lára bóòtù kí wọ́n tó dè é, tàpólì lábẹ́ ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n bá ń tò ó, àti ẹ̀rọ kékeré kan tó wọ àtẹ́lẹwọ́ tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́. Èyí tó wọ́n nínú rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń fi ìró wọn bí ara páìpù ṣe nípọn tó, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ òkun àti páìpù epo wò sì ti ń lò ó ní Èkó yìí. Lagos State Safety Commission, tí òfin ọdún 2011 gbé kalẹ̀, lè gba ọwọ́ irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lò, kí wọ́n yẹ ẹ̀rọ mẹ́wàá wò lọ́jọ́ kan kí àwọn tó ni wọ́n sì dá owó rẹ̀ láàárín ara wọn. Ìlànà àgbáyé wà, ISO 17842, tó sọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹ̀rọ ìgbafẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń lò ó. A kò nílò láti bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ohun tí mo fẹ́ kí tiwa fi kún un ni kí ìwé àṣẹ máa sọ ibi tí ẹ̀rọ ti fẹ́ ṣiṣẹ́. Ìwé tó dára fún Abẹ́òkúta kò gbọ́dọ̀ tó fún Ẹlẹ́gùṣì.

Àtakò kan ṣẹ́kù tí àwọn ènìyàn kì í sọ síta ṣùgbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ lọ́kàn wọn: pé ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ yóò ṣẹlẹ̀, pé Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ọmọ. Èmi náà gbà pé Ọlọ́run ń ṣọ́ ọmọ. Àmọ́ àwọn àgbà Èkó kò fi ti omi sílẹ̀ fún àyànmọ́. Adágún ìwẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ Randle pè ní Oníkàn, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1928, nítorí kí ọmọ Èkó lè kọ́ omi wíwẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń sọ pé a kì í sábà gbọ́ ìròyìn ìjàǹbá kò tíì sọ nǹkan kan. Fire Ball ṣiṣẹ́ fún ọdún 18 láìjá, jíjá tó ń já díẹ̀díẹ̀ láti inú ni ẹnikẹ́ni kò rí.

Títí ìjọba yóò fi ṣe tirẹ̀, ọwọ́ òbí ni ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà. Bí ẹ bá ń kó ọmọ lọ sétí òkun lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ má wo òkè ẹ̀rọ, ẹ wo ìdí rẹ̀: ṣé òrùka gírísì dúdú wà níbẹ̀, ṣé ìdí bóòtù ń sun omi pupa, ṣé ìdè ilé rọ́bà jẹ́ ẹrù gidi? Lẹ́yìn náà, ẹ bi ẹni tó ń gbowó léèrè bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe sáré tó kó tó dá ẹ̀rọ dúró, kí ẹ sì ní kó fi ohun tó fi ń wọ̀n ọ́n hàn yín. Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ fi owó yín sápò, kí ẹ mú ọmọ yín lọ gun ẹṣin.